PCOS Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọmọ Nìkan: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Ṣúgà, Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọ̀rá Ara Yín Wò

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, káàdì obìnrin tó ní PCOS (polycystic ovary syndrome, àìsàn hòmónù tó ń da ilé ẹyin obìnrin rú) máa ń nípọn bí ìwé alájọ títí dìgbà tí oyún bá dúró. Bó bá ti kó ọmọ jáde tán, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí yóò tún fi yọjú, ó lè ti tó ọdún mẹ́wàá, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ni wọ́n darí rẹ̀ sí. Èmi ò lè bá a wí. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà la jẹ́ kó rò pé ọmọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ PCOS. Ọmọ wá dé, ó gbà pé àìsàn náà ti bá ìkómọ lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, iye tó ní PCOS lè tó 13, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ó ní i ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, yálà ó ti bímọ, ó ń wá ọmọ, tàbí kò tíì ronú ọmọ rárá. Ohun tí a fẹ́ wá ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó máa ń gba ẹ̀yìn PCOS wọlé, tí wọ́n sì ń ṣínà fún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà nílé. Ìdajì yòókù, láàbù ni.

Kí ló pa ṣúgà pọ̀ mọ́ ilé ẹyin?

Ínsúlínì ni agbèrò ara wa. Oúnjẹ tí a jẹ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì ló ń tì í wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kó lè di agbára. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, ara máa ń kọ etí ikún sí agbèrò yìí. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Wọ́n á rán agbèrò méjì, mẹ́ta, mẹ́rin sí i. Ṣúgà á ṣì máa wọlé, èsì àyẹ̀wò á ṣì máa dára, ṣùgbọ́n ínsúlínì tó pọ̀ lápọ̀jù yẹn á máa ti ilé ẹyin láti ṣe hòmónù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n àti irorẹ́ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni nǹkan oṣù ti ń dàrú. Lọ́jọ́ tó bá wá rẹ àwọn agbèrò, ṣúgà á há sójú ọ̀nà. Ìyẹn ni àtọ̀gbẹ.

Ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tó sanra, ṣùgbọ́n obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò bọ́ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn fojú wò yín, tó ní "ẹ ò kúkú sanra, ẹ máa lọ ilé", ẹ má tíì dìde.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Síkáànì nìkan kò tó láti sọ pé ẹnì kan ní PCOS. Nǹkan mẹ́ta ni dókítà ń wò, méjì nínú wọn ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà: nǹkan oṣù tí kì í wá déédéé, hòmónù ọkùnrin tó pọ̀, yálà ó hàn lára bí irùngbọ̀n tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, àti ilé ẹyin tó kún fún ẹyin kéékèèké lórí síkáànì. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, a kì í fi síkáànì dá tirẹ̀ lẹ́jọ́ rárá, nítorí ilé ẹyin ọmọdé lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò TSH àti prolactin, àwọn hòmónù mìíràn tó lè da nǹkan oṣù rú, pẹ̀lú, kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe ibòmíràn ni nǹkan oṣù náà ti dàrú.

Bí irùngbọ̀n bá ṣàdédé hù láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn sì ń wúwo bíi ti ọkùnrin, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì ná, kí ẹ tètè wá dókítà. PCOS kì í sáré bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ kókó kan ló ń tú hòmónù síta.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìtàn ẹbí yín sílẹ̀, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ bi ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: ta ló ní àtọ̀gbẹ, ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni àrùn ọkàn pa láìdarúgbó? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nílé wa, wọn kì í fi orúkọ yẹn pè é. Wọ́n á ní egbò ẹsẹ̀ bàbá àgbà kọ̀ kò jinná títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n á ní wọ́n ta bọ̀dá lọ́fà níbi ìpàdé ẹbí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan rọ, ẹnu wọ́. Àǹtí ńkọ́? Àǹtí ò ní àìsàn kankan o, ó kàn ṣubú ní balùwẹ̀ ni.

Ẹ má bá àgbà jiyàn. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ wá kọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná sábà máa ń jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ lójijì, rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì máa ń fà á jù. Òbí tàbí ọmọ ìyá tó ní àtọ̀gbẹ ń gbé ewu tiyín sókè, dókítà kò sì lè mọ̀ bí ẹ ò bá sọ.

Lẹ́yìn ti ẹbí, ẹ kọ tiyín. Ṣé ṣúgà tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga nínú oyún kan rí? Ṣé ẹ ti bí ọmọ ràbàtà tó wọn kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo ará ilé ń yọ̀ mọ́? Àwọn oògùn wo lẹ ń lò: oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, prednisolone, dexamethasone tí àwọn kan ń lò láti fi sanra, àgbo? Ìgbà wo ni nǹkan oṣù wá gbẹ̀yìn? Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, tí oyún kò sì sí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ara inú ilé ọmọ tí kì í tú dànù máa ń nípọn, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ. Oògùn wà tí dókítà lè fi mú un wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dúró níwájú dígí

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn, abíyá, abẹ́ ọmú àti ìsàlẹ̀ itan. Ṣé awọ ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ, tó nípọn, tó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ àrán? Ìdọ̀tí kọ́. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó lọ́rùn ní kékeré, tí wọ́n ní a ò mọ ara wẹ̀? Àmì pé ínsúlínì pọ̀ jù nínú ara ni, inú ló sì ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Nítorí ọrùn dúdú yìí, àwọn obìnrin ń ra ìpara tó ń bóra. Ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní clobetasol nínú, oògùn kan tó lágbára nínú ìdílé steroid. Bí a bá ń fi pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀, ó lè gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀, kó gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè, kó mú ikùn yọ, kó sì mú irun hù lójú. Ohun tí a fi ń bo àmì àìsàn mọ́lẹ̀ wá ń bu epo sí i. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, ẹ má sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìgba ìmọ̀ràn, pàápàá bó bá ti pẹ́. Ara tó ti gbára lé e lè dákú.

Bí ẹ bá kúrò níwájú dígí, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ máa ń hanrun, àti bóyá èémí yín máa ń dúró díẹ̀ lójú oorun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń rẹ̀ yín láàárọ̀, tí ẹ sì ń tòògbé nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, ẹ fi kún ìwé. Oorun tó ń já lóru wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní PCOS, ó sì máa ń gbé ìfúnpá sókè. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn náà wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹ má rò pé wọn ò kan dókítà.

Ìgbésẹ̀ 3: Okùn, téèpù télọ̀ àti ìwọ̀n

Ẹ wá okùn tí kì í fà. Ẹ fi wọn gíga yín láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, kí ẹ gé e síbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì dọ́gba. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ fi okùn tí ẹ ṣẹ́ po náà yí ikùn ká, ní agbedeméjì egungun ìhà tó kéré jù àti orí egungun ìbàdí. Ẹ má fa ikùn sínú; kò sẹ́ni tó ń wò yín. Bí ẹnu okùn kò bá lè pàdé, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó ní téèpù, International Diabetes Federation fi 80 sẹ̀ǹtímítà ṣe àlà fún obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn mìíràn ń lo 88. Kọjá 80, ẹ kíyè sára. Kọjá 88, ẹ má sún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ síwájú mọ́. Àwọn ìyá wa tó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ìró kì í sọ fún ni pé ikùn ti tóbi, a ó kàn tún un ró ni; ìlẹ̀kẹ̀ ìdí a máa há.

BMI, ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n wé gíga, náà wúlò, àmọ́ kò tó okùn lójú tèmi, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá ikùn àti ọ̀rá ìdí, bẹ́ẹ̀ ti ikùn ló léwu. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi ohun tó jáde pín kílò yín. Obìnrin tó wọn kílò 78, tó ga ní mítà 1.62: 1.62 lọ́nà 1.62 jẹ́ 2.62, 78 pín sí 2.62 jẹ́ 29.8. Láti 25 lọ sókè, ìwọ̀n ti pọ̀. Láti 30, ó ti di ìsanrajù. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí GP bá ní 23 ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún yín, tí 27.5 sì jẹ́ ìsanrajù. Ohun tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú níbẹ̀, fi lélẹ̀ fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Áfíríkà wá nìyẹn, torí àtọ̀gbẹ máa ń tètè dé bá wa ní ìwọ̀n tó kéré sí ti òyìnbó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìfúnpá

Àyẹ̀wò yìí ni a máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ wọlé, nọ́ọ̀sì di bẹ́líìtì ẹ̀rọ mọ́ apá yín lórí aṣọ, ẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́, nọ́ńbà jáde: 146/92. Nọ́ńbà yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀, torí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn rí lọ́jọ́ tí èrò pọ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ lọ tọ̀ ná. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì, kó dọ́gba pẹ̀lú àyà, kí aṣọ má sì sí láàárín rẹ̀ àti bẹ́líìtì. Ẹ má sọ̀rọ̀. Kọfí àti sìgá gbọ́dọ̀ ti dá ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan sí méjì láàárín, kí a pín in dọ́gba. Bí apá yín bá tóbi, ẹ béèrè bẹ́líìtì ńlá, nítorí èyí tó há máa ń gbé nọ́ńbà sókè lásán.

Láti 130/85, a ti ń kà á mọ́ àmì ewu. 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. 180/120 pẹ̀lú orí fífọ́ líle, àyà dídùn tàbí ojú tó ń ṣú, ẹ má tún un wọ̀n mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, àti kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní estrogen, àti nígbà tí ẹ bá ń gbèrò oyún.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣúgà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ọ̀nà mẹ́ta ni láàbù ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì dọ́gba. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka nílé wà fún ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. A kì í fi ṣe ìdájọ́.

Àkọ́kọ́ ni ṣúgà òwúrọ̀, tí fọ́ọ̀mù láàbù ń pè ní FBS: ẹ̀jẹ̀ tí a fà kí a tó jẹun. Ó rọrùn, kò wọ́n. Àìdára rẹ̀ ni pé lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, ṣúgà òwúrọ̀ lè dára rẹ́múrẹ́mú nígbà tí ti ẹ̀yìn oúnjẹ ti bàjẹ́. Òru ni agbèrò ti sinmi; ìgbà tí èrò bá rọ́ dé là ń mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ ká a.

Èkejì ni HbA1c. Ó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò nílò àwẹ̀, àwọn dókítà sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo wa. Orí ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń ka ṣúgà náà, bí ẹ̀jẹ̀ pupa kò bá sì rí bó ṣe yẹ, ìṣirò á dojú rú. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, SS tàbí SC, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, nítorí náà HbA1c rẹ̀ á kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹni tó jẹ́ AS, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ṣì í kà, ó sì máa ń fẹ́ kéré díẹ̀ ju bí ṣúgà ti rí gan-an lọ. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS! Tún wo òdìkejì rẹ̀: PCOS máa ń mú kí nǹkan oṣù pẹ́ kó tó dé, kó wá ya bí omi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin tí áyọ́ọ̀nù ti gbẹ lára rẹ̀ nítorí èyí lè ní HbA1c tó ga ju òtítọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà. Torí náà, kí ẹ tó sanwó HbA1c, ẹ mọ jẹnotáìpù yín àti PCV yín, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni OGTT, àyẹ̀wò onígílúkóòsì. Òun ni ìtọ́sọ́nà àgbáyé lórí PCOS tí wọ́n tún ṣe ní 2023 kà sí èyí tó péye jù, òun náà ni mo fọwọ́ sí fún wa. Ohun tó fi burú ni pé ó ń gba ààbọ̀ ọjọ́. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ jẹun bí ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́: ìrẹsì, àmàlà, ẹ̀wà, búrẹ́dì. Bí ẹ bá ṣẹ́ oúnjẹ kù kí èsì lè dára, ńṣe ni yóò burú, torí ara tí kò rí oúnjẹ onítáàṣì fún ọjọ́ mélòó kan kì í tètè mọ ohun tí yóò fi gílúkóòsì ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe é nínú Ramadan, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ kejì tí àwẹ̀ ọjọ́ 21 inú oṣù January bá parí. Ẹni tó ń ṣe keto, tó ń yẹra fún oúnjẹ onítáàṣì, kó dá a dúró ná.

2. Bí ibà tàbí àìsàn mìíràn bá ń ṣe yín, ẹ jẹ́ kí ara yá tán. Bí ẹ bá ń lo metformin, oògùn ṣúgà, ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ dá a dúró, ẹ má dá a pinnu.

3. Lálẹ́, ẹ jẹun tán kó tó di aago mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, omi lásán nìkan, kó pé wákàtí 8 ó kéré tán, kó má sì ju 14 lọ. Kò sí tíì, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí àgbo. Ẹ lè run orín.

4. Ní láàbù, wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀. Ẹ wo ìgò tí wọ́n fẹ́ fà á sí. Ti ṣúgà sábà máa ń ní ìdérí aláwọ̀ eérú, oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán. Nínú ìgò lásán, ṣúgà ń lọ sílẹ̀ bí 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá gbé e sórí ọ̀kadà nínú oòrùn lọ sí láàbù ńlá nígboro, 130 yín lè di 122 kó tó débẹ̀, wọ́n á sì ní ẹ ò ní àtọ̀gbẹ. Ẹ béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

5. Wọ́n á po gíráàmù 75 gílúkóòsì pọ̀ mọ́ omi. Ẹ mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dùn débi pé ó ń ríni lára. Omi tútù ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá bì í, àyẹ̀wò ọjọ́ náà ti bàjẹ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

6. Ẹ jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ẹ má rìn lọ ra nǹkan lọ́jà kí ẹ tó padà, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ ṣúgà. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ kejì.

Bí a ṣe ń ka èsì, ní mg/dL:

- Òwúrọ̀: kéré sí 100 dára; 100 sí 125 jẹ́ ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ; 126 lọ sókè, àtọ̀gbẹ.
- Lẹ́yìn wákàtí méjì: kéré sí 140 dára, 140 sí 199 jẹ́ ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, 200 lọ sókè, àtọ̀gbẹ.
- HbA1c, fún ẹni tí ó bá yẹ (ìdá nínú 100 ni, kì í ṣe mg/dL): kéré sí 5.7 dára, 5.7 sí 6.4 jẹ́ ẹnu ọ̀nà; 6.5 lọ sókè, àtọ̀gbẹ.

Bí láàbù yín bá kọ ṣúgà ní mmol/L, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀: 7.0 jẹ́ 126. Ẹni tí èsì rẹ̀ bọ́ sí àtọ̀gbẹ, tí kò sì ní àmì kankan, kí ó ní èsì kejì tó bá a mu kó tó gba orúkọ náà. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, tí ẹ ń tọ̀ lóru, tí ẹ sì ń rù, tí ṣúgà sì ti lé ní 200, ẹ má dúró de èkejì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti gbààwẹ̀ fún OGTT, ẹ ní kí wọ́n fa ti ọ̀rá pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀, kí ẹ má bàa gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lórí ìwé: HDL, ọ̀rá rere, tó yẹ kó tó 50 mg/dL (1.3 mmol/L) fún obìnrin, àti triglyceride, tí kò yẹ kó tó 150 (1.7). LDL, ọ̀rá búburú, náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n dókítà ló máa fi ọjọ́ orí àti àìsàn mìíràn wọ̀n ọ́n.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwa adúláwọ̀. Triglyceride wa sábà máa ń kéré, kódà nígbà tí ara ti kọ ínsúlínì. Bí tiyín bá jẹ́ 80, tí ikùn yín kọjá okùn, tí ọrùn sì dúdú, ẹ má jẹ́ kí 80 yẹn tàn yín. Ẹ tún lè ní kí wọ́n yẹ ALT, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, wò nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, torí ọ̀rá máa ń kó sínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ní PCOS láìsí ìrora kankan.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka àmì náà

Ikùn tó yí ká kọjá sẹ̀ǹtímítà 88 (tàbí 80), ìfúnpá láti 130/85, ṣúgà òwúrọ̀ láti 100, HDL tó kéré sí 50, triglyceride láti 150. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú márùn-ún, ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti pọ̀ dáadáa, kó lọ bá dókítà pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó ní ẹyọ kan, àmọ́ tí òbí rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún, kó lọ pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní ìkankan, kó tún ṣúgà ṣe láàárín ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, lọ́dọọdún.

Bí owó kò bá tó

Okùn kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ìfúnpá, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí kẹ́míìsì tó mọṣẹ́ lè wọ̀n ọ́n. Owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá ní, ẹ fi ṣe OGTT; èyí tó kàn, ọ̀rá. Ohun tí mo máa ní kí ẹ má ná owó sí ni àyẹ̀wò ínsúlínì àti HOMA (ìṣirò bí ara ṣe ń kọ ínsúlínì) tí àwọn láàbù kan ń polówó fún ẹni tó ní PCOS. A ti mọ̀ pé ínsúlínì pọ̀; nọ́ńbà yẹn kì í yí ìtọ́jú padà, ìtọ́sọ́nà 2023 náà kò sì fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú ojoojúmọ́. Àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ mọ́, èyí tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e.

Lẹ́yìn èsì

Dókítà ló ń kọ oògùn. Metformin ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè mú yín ya ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọdún púpọ̀, kó yẹ fítámì B12 wò. Bí wọ́n bá kọ oògùn ìfúnpá tàbí ti ọ̀rá fún yín, ẹ sọ bóyá ẹ ń gbèrò oyún, torí àwọn kan nínú wọn, bíi lisinopril, lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Ní ti oúnjẹ, kò sí oúnjẹ pàtó kan tó borí èkejì fún PCOS, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ àmàlà sílẹ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà dí àyè rẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 80, bí ó bá dín kílò 4 sí 8 kù, ìyẹn 5 sí 10 nínú 100, ìyàtọ̀ á hàn nínú ṣúgà, nǹkan oṣù náà sì lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìrìn kíákíá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló kéré jù, kí ẹ sì fi ẹ̀mejì ṣe eré tó ń lo iṣan: gbígbé nǹkan wúwo, ìjókòó-ìdìde láìgbá nǹkan mú. Kódà bí ìwọ̀n kò bá sọ kalẹ̀, ara tó ń ṣiṣẹ́ ti ń gbọ́rọ̀ sí ínsúlínì lẹ́nu sí i.

Ẹni tó ń wá ọmọ, àti ẹni tó ti lóyún

Ẹ ṣe OGTT kí oyún tó dé. Bí oyún bá ti dé láìṣe é, ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn aboyún pé ẹ ní PCOS, kí wọ́n ṣe é nígbà náà, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Àtọ̀gbẹ inú oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní PCOS ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún, kó padà wá ṣe OGTT ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ọjọ́ yẹn sábà máa ń sún mọ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ẹ da méjèèjì pọ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní láàbù, ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn sẹ́yìn èsì náà, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn máa ń sọnù.